Ryzen 5 5600 lórí bọ́ọ̀dù B450M: fáànù ń yí, iná CPU pupa, ojú mọnítọ̀ dúdú

ỌmọAkúrẹ́_FUTA:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì àkọ́kọ́ tí mo ń tò nìyí, mo sì nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Ohun tí mo kó jọ: pírósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600 tuntun, bọ́ọ̀dù B450M tòkunbọ̀ tó ní ihò RAM mẹ́rin, RAM DDR4 méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8GB (ọ̀kan 2666, èkejì 3200, orúkọ iléeṣẹ́ wọn ò jọra), graphics card RX 6600, SSD M.2 256GB tòkunbọ̀, háàdì dísìkì 1TB, àti pàwá (àpótí tó ń fún gbogbo wọn níná) tí wọ́n kọ 600W sí lára. Wéébììlì ni wọ́n fi gbé bọ́ọ̀dù àti graphics card wá láti Ìkẹjà, ìyókù ni mo rà ní Akúrẹ́ níbí, lójú ọ̀nà Ọba Adésidà.

Bí mo bá tẹ bọ́tìnì, gbogbo fáànù á yí, àmọ́ mọnítọ̀ á ní òun ò rí nǹkan kan. Kíbọ́ọ̀dù ò tanná. Lára bọ́ọ̀dù, iná pupa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ CPU sí, kì í kú. HDMI wà nínú ihò ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù. Èwo ni kò bá èkejì mu nínú wọn? Ẹni tó ta bọ́ọ̀dù ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun fi ń gba ọjà padà, ó sì ti ń lọ.


Àtúnṣe_Alágbàká:

Àbúrò, má tíì dá bọ́ọ̀dù padà. Iná pupa yẹn ti sọ púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Mẹ́rin ni irú iná bẹ́ẹ̀: CPU, DRAM, VGA àti BOOT. Bí bọ́ọ̀dù bá ti gba iná, á kọ́kọ́ yẹ pírósẹ́sọ̀ wò, á bọ́ sórí RAM, á bọ́ sórí graphics card, kó tó wá dísìkì tí Windows wà. Ibi tí iná bá dúró sí ni ọ̀rọ̀ ti há. Tìẹ há sórí CPU, ìyẹn ni pé kò tíì kan RAM rárá. Nítorí náà má ra RAM mìíràn, má sì tíì fẹ̀sùn kan graphics card.

BIOS ni mo fura sí jù, ìyẹn ètò kékeré inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Ọdún 2018 ni bọ́ọ̀dù B450 jáde. Ryzen 5 5600 ò dé ọjà títí di 2022. Sọ́kẹ́ẹ̀tì AM4 kan náà làwọn méjèèjì ń lò, ìdí nìyẹn tí pírósẹ́sọ̀ fi jókòó pẹ́ẹ́ láìjà. Àmọ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá ti fi BIOS tuntun sí bọ́ọ̀dù látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, kò lè dá pírósẹ́sọ̀ yìí mọ̀. Má sì jẹ́ kí fáànù tàn ọ́ jẹ. Iná ló ń yí fáànù, kì í ṣe pírósẹ́sọ̀.

Wo ara bọ́ọ̀dù dáadáa, ka orúkọ rẹ̀ tán pátápátá, títí kan nọ́ńbà kékeré bíi rev 1.0 tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ sí igun kan. Lọ sí ìkànnì iléeṣẹ́ tó ṣe é, wá ojú ewé àtìlẹ́yìn fún bọ́ọ̀dù yẹn gan-an, kí o ṣí àkójọ pírósẹ́sọ̀ tó ń gbà. Níwájú Ryzen 5 5600, wàá rí nọ́ńbà BIOS tó kéré jù tó mọ̀ ọ́n. Bí 5600 ò bá sí nínú àkójọ náà rárá, ìgbà yẹn lo lè dá bọ́ọ̀dù padà pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́.

Láti fi BIOS tuntun sí i, wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù níbi tí ihò USB wà. Bí o bá rí bọ́tìnì kékeré tí wọ́n kọ Flash BIOS tàbí Flashback sí, iṣẹ́ ti dínkù, torí kò nílò pírósẹ́sọ̀ rárá. Wá fíláàṣì tí kò ju 32GB lọ, fọ́máàtì rẹ̀ sí FAT32, fi fáìlì BIOS nìkan sínú rẹ̀. Bọ́ọ̀dù MSI fẹ́ kí orúkọ fáìlì náà jẹ́ MSI.ROM, iléeṣẹ́ mìíràn ní orúkọ tiwọn, ìwé tó bá bọ́ọ̀dù wá á sọ ọ́. Ki fíláàṣì sí ihò USB tí wọ́n sàmì sí, kì í ṣe èyí tó bá ṣáà ti ṣófo. So wáyà 24-pin àti wáyà CPU mọ́ bọ́ọ̀dù, tan pàwá láti ẹ̀yìn, kí o wá tẹ bọ́tìnì náà mọ́lẹ̀ títí iná á fi máa ṣẹ́jú. Ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Má fọwọ́ kàn án títí iná náà kò fi ní ṣẹ́jú mọ́.

Ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù B450M ò ní bọ́tìnì yẹn. Bí tìẹ ò bá ní in, o máa yá pírósẹ́sọ̀ AM4 àtijọ́ tí BIOS tó wà nínú bọ́ọ̀dù mọ̀: Ryzen 3 1200, Ryzen 3 2200G tàbí Ryzen 5 2600 á ṣe é. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe sábà máa ń ní ọ̀kan nílẹ̀. Kí wọ́n ka ohun tí iléeṣẹ́ kọ sábẹ́ BIOS tuntun kí wọ́n tó gbé e wọlé, torí àwọn bọ́ọ̀dù kan fẹ́ kí èèyàn gba ọ̀kan àárín kọjá kó tó dé èyí tó kẹ́yìn.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lórí iná ìjọba lásán. Bí iná bá lọ nígbà tí BIOS ń wọlé, bọ́ọ̀dù tí kò ní bọ́tìnì Flashback lè dákẹ́ pátápátá, àfi kí wọ́n fi ẹ̀rọ kọ BIOS sínú ṣíìpù rẹ̀ tààrà. Orí UPS tàbí ínfátà ni kó wà.

Ọ̀rọ̀ kejì: fa HDMI kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀dù. Ryzen 5 5600 ò ní ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán jáde nínú, 5600G ló ní in. Ihò HDMI ara bọ́ọ̀dù ò wúlò fún ohunkóhun pẹ̀lú pírósẹ́sọ̀ tìẹ. Ara RX 6600 ni kó wà. Bí BIOS bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lónìí tí HDMI sì wà níbi tó wà yẹn, ojú mọnítọ̀ á ṣì dúdú, wàá sì rò pé asán ni gbogbo làálàá náà.


Iná_Dúró:

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n jiyàn lórí BIOS, àmọ́ ohun kan wà tí ó yẹ kó ṣíwájú, torí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Wáyà CPU ńkọ́? Yàtọ̀ sí wáyà 24-pin gbàràmù, ihò 8-pin kan wà lókè bọ́ọ̀dù lápá òsì, nítòsí pírósẹ́sọ̀. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, fáànù á yí, iná CPU á sì dúró bó ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ yẹn gẹ́lẹ́. Wáyà méjì ló ní ihò mẹ́jọ lára pàwá, wọn kì í sì í ṣe ìkan náà. Ti CPU máa ń pín sí 4 àti 4, wáyà yẹ́lò mẹ́rin, dúdú mẹ́rin. Ti graphics card máa ń pín sí 6 àti 2, yẹ́lò mẹ́ta, dúdú márùn-ún. Bí ọ̀kan bá ń jà tí kò fẹ́ wọlé, má fi agbára tì í.

Nǹkan tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú ohun tí o kà sílẹ̀ ni pàwá yẹn. 600W tí wọ́n kọ gàdàgbà sí i kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ka tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ +12V sí, torí ìlà yẹn ni pírósẹ́sọ̀ àti graphics card ń mu. Bí o bá rí 18A níbẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po 12, 216W péré ni. Ryzen 5 5600 lè mu tó 76W bó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, RX 6600 ń mu 132W, ó ti di 208W. Bọ́ọ̀dù, fáànù, háàdì dísìkì àti SSD ṣì wà nílẹ̀, ìyẹn á fi nǹkan bí 50W kún un. Irú pàwá bẹ́ẹ̀ á gbé e dé ojú Windows, àmọ́ bí géèmù bá bẹ̀rẹ̀, kọ̀ǹpútà á kú fìn-ín. Wá èyí tó ní 35A lórí +12V ó kéré tán, ìyẹn 420W, ní orúkọ iléeṣẹ́ tí èèyàn mọ̀. 500W tàbí 550W tòótọ́ tó, o ò nílò 750W.

RX 6600 fẹ́ 8-pin kan tó wá tààrà láti inú pàwá. Bí pàwá rẹ ò bá ní in, má gba ìjápọ̀ tí wọ́n ń kì mọ́ wáyà SATA tí àwọn kan máa ń fi kún ọjà lọ́fẹ̀ẹ́. 54W ni ẹnu SATA kan lè gbé lórí +12V, 8-pin sì lè béèrè 150W. Á yọ́, á sì mú graphics card lọ́wọ́ lọ.

Bí pàwá bá sì jẹ́ ti àtijọ́, wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá bọ́tìnì pupa wà tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. 230 ni kó wà lórílẹ̀-èdè yìí. Tí wọ́n bá kó o wọlé láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú 115, ìgbà àkọ́kọ́ tí o bá tanná ni á dún.


ÌyáBọ́ọ̀dù:

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Kí ọmọ yìí tó gbé bọ́ọ̀dù lọ fún ẹnikẹ́ni, kó yọ ọ́ kúrò nínú kéèsì. Tẹ́ páálí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ sórí tábìlì, gbé e lé e. Pírósẹ́sọ̀ pẹ̀lú kúlà rẹ̀ (irin àti fáànù tó ń tù ú lára), RAM kan ṣoṣo, graphics card, wáyà 24-pin, wáyà CPU, wáyà graphics card. Ó parí. Kò sí háàdì dísìkì, kò sí SSD, kò sí wáyà iwájú kéèsì. Láti tan án, fi ẹnu sukudíráfà kan píìnì méjì tí wọ́n kọ PWR_SW sí papọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdí tí mo fi ní kó jáde ni pé nínú kéèsì, àwọn ọmọ irin kékeré kan wà tí bọ́ọ̀dù ń jókòó lé. Kéèsì tó gba ATX, bọ́ọ̀dù ńlá, sábà máa ń ní wọn ju iye tí micro-ATX, bọ́ọ̀dù kékeré bíi tìẹ, nílò lọ. Bí ọ̀kan bá wà níbi tí bọ́ọ̀dù ò ti ní ihò síkúrù, á máa kan ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù, iná á sì máa gba ibi tí kò yẹ. Ka ihò bọ́ọ̀dù, ka ọmọ irin, yọ èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Lásìkò ọyẹ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, fọwọ́ kan ara irin pàwá tí a ti kì sógiri kí o tó mú RAM tàbí pírósẹ́sọ̀. Má ṣe é lórí kápẹ́ẹ̀tì.

RAM kan ṣoṣo yẹn, inú ihò A2 ni kó wọ̀. Bí o bá kà á láti ẹ̀gbẹ́ pírósẹ́sọ̀ lọ, ìkejì ni. Bí o bá fẹ́ fi méjì sí i, ìkejì àti ìkẹrin, A2 àti B2. Tì í títí tí ọwọ́ á fi gbọ́ “kà” lápá méjèèjì. Bọ́ọ̀dù mìíràn ní ìdè lápá kan péré, apá kejì rẹ̀ ló sì máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti wọlé nígbà tí kò tíì wọlé. Tí ojú wúrà rẹ̀ bá dọ̀tí, fi ìrésà funfun ilé ìwé nù ún díẹ̀, fẹ́ ẹ, dá a padà.

2666 àti 3200 lè jọ gbé. Iyára èyí tó lọ́ra ni àwọn méjèèjì á bá rìn. Àmọ́ má tíì tan XMP, ìyẹn ètò inú BIOS tó ń mú RAM sáré dé iyára tí wọ́n kọ sí i lára.


ỌmọAkúrẹ́_FUTA:

Ẹ ṣé gan-an. Wáyà CPU wà nípò rẹ̀. Bọ́ọ̀dù ò ní bọ́tìnì Flashback, BIOS rẹ̀ sì kéré sí èyí tí ìkànnì ní kó wà, nítorí náà oníṣẹ́ kan fi Ryzen 5 2600 gbé BIOS tuntun wọlé lórí ínfátà, ó sì dá 5600 padà sójú ibẹ̀. HDMI ti wà lára RX 6600. Iná CPU ti kú, àwòrán jáde, BIOS ń ka 5600 àti 8GB! Mo ti ń wá pàwá mìíràn, +12V tèyí jẹ́ 20A lóòótọ́.

Ó ku méjì. Bí mo bá fi RAM kejì sí B2, iná DRAM á dúró, kò ní tan. Ìkejì, SSD M.2 ò hàn nínú BIOS.


ÌyáBọ́ọ̀dù:

Má tíì dá RAM lẹ́bi. Mú èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní A2, fi òun nìkan sí B2. Lẹ́yìn náà mú èkejì, fi òun nìkan sí A2. Bí èkejì bá ṣiṣẹ́ dáadáa ní A2, tí ti àkọ́kọ́ sì kọ̀ ní B2, RAM méjèèjì pé, ihò B ló ní wàhálà. Bí kò bá ṣiṣẹ́ níbikíbi, òun ló kú, ẹni tó tà á ni kó gbà á padà.


Àtúnṣe_Alágbàká:

Bó bá jẹ́ pé ihò B ni kò ṣiṣẹ́, mo mọ ibi tí a máa kọ́kọ́ wò, torí wọ́n ti yọ pírósẹ́sọ̀ tí wọ́n tún dá a padà. AM4 ní píìnì 1331, abẹ́ pírósẹ́sọ̀ sì ni gbogbo wọn wà, kì í ṣe inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan nínú wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ RAM. Bí ẹyọ kan bá tẹ̀ lára àwọn yẹn, ìlà RAM kan á kú, gbogbo nǹkan yòókù á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan.

Bí o bá fẹ́ yọ kúlà, jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí pésìtì tó wà láàárín kúlà àti pírósẹ́sọ̀ lè gbóná kó rọ̀. Pa á, yọ wáyà rẹ̀ lógiri. Tú síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀díẹ̀ ní ìdábùú, kì í ṣe kí o tú ọ̀kan tán. Di irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù mú, torí bí síkúrù bá ti jáde á já bọ́. Wá yí kúlà sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí á fi tú, kí o tó gbé e. Ẹni tó bá fà á sókè gbígbẹ máa fa pírósẹ́sọ̀ jáde mọ́ ọn nígbà tí ìdè sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní títì. Ibẹ̀ ni píìnì ti sábà máa ń tẹ̀.

Dojú pírósẹ́sọ̀ dé sórí aṣọ mímọ́, di etí rẹ̀ mú. Tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, kó lọ sílẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú píìnì, má tàn án láti òkè. Gbé ojú rẹ bá ìlà kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ìlà tó tọ́ máa ń dán gbọọrọ bí okùn tí a fà. Èyí tó tẹ̀ á dí àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yí i, wo ìlà ìdábùú pẹ̀lú. Láti tọ́ ọ, lo pẹ́ńsù tí wọ́n ń fi ìdí tẹ̀, irú 0.5, kí o yọ lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ kúrò. Fi ẹnu rẹ̀ tó ṣófo wọ orí píìnì, tì í díẹ̀ kí ó dìde. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó jẹ́. Bí o bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, á ṣẹ́. Nígbà tí o bá ń dá a padà, ìdè sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ wà ní òkè pátá, kí àmì wúrà onígun mẹ́ta igun pírósẹ́sọ̀ dojú kọ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ó bọ́ sínú ihò fúnra rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

Nu pésìtì àtijọ́ kúrò pẹ̀lú sípíríìtì, fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹ̀wà kan láàárín ti tó.


Iná_Dúró:

Ní ti SSD: yọ ọ́, wo ojú wúrà rẹ̀. Bí gígé méjì bá wà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ M.2 SATA. Bó bá jẹ́ gígé kan péré, NVMe ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sí ara sítíkà rẹ̀ ni kí o gbà gbọ́. Ihò M.2 kan náà ni wọ́n ń wọ̀, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ yàtọ̀. Bọ́ọ̀dù mìíràn ń gba méjèèjì, òmíràn NVMe nìkan, òmíràn tó ní ihò méjì sì máa ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún SATA. Inú ìwé bọ́ọ̀dù ni ìdáhùn wà, lábẹ́ M.2.

Ní àfikún, lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, bí M.2 SATA bá ti wà nínú ihò, ihò SATA kan tàbí méjì lára bọ́ọ̀dù á kú. Bí háàdì dísìkì rẹ bá wà nínú ọ̀kan nínú wọn, òun náà ò ní hàn. Gbé e lọ sí ihò mìíràn. Ohun tí a ṣètò rẹ̀ ni, kò bà jẹ́.


ỌmọAkúrẹ́_FUTA:

Ẹ̀yin àgbà, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Píìnì kan ló tẹ̀ ní etí, ó ti tọ́, 16GB ti ń hàn. SSD jẹ́ SATA, ihò bọ́ọ̀dù yìí NVMe nìkan ló ń gbà. Màá pààrọ̀ rẹ̀ sí NVMe.


Ọmọ_Èkìmògún:

Ẹ jọ̀ọ́, kí n má ṣi ọ̀nà gbà. Ìlú Oǹdó ni mo wà, mo fẹ́ ra i5-12400F, bọ́ọ̀dù H610, RAM DDR5 16GB, àti kúlà tó wà lórí kọ̀ǹpútà i5 ìran kẹwàá kan nílé. Mi ò ní graphics card báyìí, màá rà á bó bá yá. Ṣé wọ́n bára mu?


Àtúnṣe_Alágbàká:

Kí o tó sanwó, ohun mẹ́ta. Bọ́ọ̀dù H610 tó ń gba DDR4 wà, èyí tó ń gba DDR5 wà, kò sí èyí tó ń gba méjèèjì pọ̀ lórí ihò kan náà. Gígé tó wà lára DDR4 àti DDR5 ò sí lójú kan, nítorí náà ọ̀kan ò ní wọ ihò èkejì. Bí orúkọ bọ́ọ̀dù bá parí sí D4, DDR4 ló ń gbà. Bí owó DDR4 bá dín sí ti DDR5 lọ́dọ̀ rẹ, òun ni kí o mú fún i5-12400, owó tó bá ṣẹ́ kù á wúlò fún pàwá.

F tó wà nídìí 12400F túmọ̀ sí pé kò gbé àwòrán jáde. Láìsí graphics card, mọnítọ̀ ò ní fi nǹkan kan hàn. Bí graphics card ò bá sí báyìí, ra i5-12400 tí kò ní F.

Kúlà ìran kẹwàá jẹ́ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì LGA1200, 75mm ni àlàfo ihò síkúrù rẹ̀. 12400 ń lo LGA1700, 78mm ni tiẹ̀. Kò ní wọ̀. Bí o bá ra 12400 nínú páálí, ó máa ń ní kúlà tirẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tà láìní páálí, béèrè kúlà LGA1700 lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kí wọ́n tó gbé e sórí wéébììlì.